Bẹ́ẹ̀dì Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Sùn Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí.

Ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi ni bàbá mi ń gbé, ní Ìbà níbí. Kápẹ́ńtà ni wọ́n nígbà tí ara ṣì le. Ẹ mọ̀ bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń ṣe: tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, wọn ò ní pe ẹnikẹ́ni! Láàárọ̀ Sátidé kan, omi ò jáde nínú ẹ̀rọ. Kí n tó gbé ìkòkò ka iná, Dádì ti gbé àkàbà onígi ti ògiri, wọ́n ti ń gùn ún lọ síbi táńkì.

Mo kàn gbọ́ "gbàà!" ni.

Nígbà tí mo fi máa sáré jáde, ilẹ̀ ni mo bá wọn. Igi kan lára àkàbà yẹn ti jẹrà nínú, ó dá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọn ò pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù! Wọ́n kàn di apá mi mú, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ará àdúgbò wá pé lé àwọn lórí.

Egungun ìbàdí ló kán. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó sì yọrí sí rere, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀dì tí Dádì ń sùn sí nílé ti lọ sílẹ̀ jù, wọn ò sì gbọdọ̀ máa lo ìbàdí yẹn nílòkulò kí wọ́n tó lè dìde. Ó ní ká wá èyí tó ṣeé gbé sókè, tó ṣeé gbé wálẹ̀, tí ibi orí rẹ̀ náà ń dìde. Ó ní tí wọ́n bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún èèyàn nìyẹn? Oorun dá lójú mi pátápátá.

Èmi àti àbúrò mi Bísí, tó ń ránṣọ ní Okokomaiko, la jọ jáde lọ wá bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́bàá títì, téèyàn bá kọjá Ìyànà-Ìbà díẹ̀, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan wà níbẹ̀ tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tòkunbọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn! A ò tíì kí i tán tó fi mú rìmóòtù, tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì oníná kan sókè sódò.

"Àǹtí, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹlifíṣọ̀n ni!"

Bísí ní èyí la máa gbé. Mo ní kó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí i kí n wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀. Ọkùnrin yẹn gbé ibi orí sókè, ó gbé ibi orúnkún sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ!

Bẹ́ẹ̀dì dúró gbagidi. Bísí ká kò sáàárín rẹ̀, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ọkùnrin yẹn sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò tàn. A fà á lápá ló fi jáde.

Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Bísí fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Dádì ni mò ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ta ló fẹ́ fa wọ́n lápá, pẹ̀lú ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò?

Mo ní kí ọkùnrin yẹn fi èyí tí kò lo iná hàn wá, tó ní irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí nídìí. Mo fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó já wálẹ̀. Mo ní rárá. Táyà òmíràn ò ṣeé tì pa, ó ń yọ̀ kiri. Mo ní rárá.

"Àǹtí, ẹ̀rù yín pọ̀ jù o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀, kó mú òmíràn wá. Ìgbà tí mo rí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ le, tí mo ti dùbúlẹ̀ sí i fúnra mi, ni mo tó gbà.

Mo tún ní a ò ní kúrò níbẹ̀ láìra àkàbà tuntun. Ṣọ́ọ̀bù kejì ń tà á. Bísí fẹ́ èyí tó gùn, tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri. Ògiri kẹ̀? Mo ti rí ti ògiri! Mo pe ọkọ mi lórí fóònù kó wọn gíga ibi tí táńkì wà, mo wá mú èyí tó ń ya ẹsẹ̀, tó ń dá dúró, tó ní rọ́bà nísàlẹ̀. Mo gùn ún lójú gbogbo wọn. Àkàbà ò mì o, èmi ni mò ń gbọ̀n.

Mo rò pé wàhálà ti tán. Ṣé ó tán?

Nígbà tí Dádì dé láti ọsibítù, wọ́n fi irin tí wọ́n fi ń rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dúró.

"Fúnkẹ́, irú bẹ́ẹ̀dì tí màmá yín kú sí lẹ gbé wá fún mi?"

Lóòótọ́, orí irú rẹ̀ ní ọsibítù ni màmá wa kú sí. Kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn! Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, èmi náà bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. A rọra gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn àtijọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ń fọṣọ lẹ́yìn ilé, ara mi ò kàn balẹ̀. Mo wọlé lọ wò wọ́n. Ẹ gbà mí! Wọ́n ti fẹ́ dá dìde lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti yọ̀ dé etí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò lè dìde, wọn ò lè padà. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n di igi bẹ́ẹ̀dì mú pinpin.

Mo kúnlẹ̀, mo fi èjìká gbé wọn ró, mo figbe ta pe aládùúgbò wa, Ìyá Sùkúrà. Àwa méjèèjì la jọ gbé wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, omi ń dà lójú wọn.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi. Ó dà bíi pé tí mo bá ti sùn sí i, mi ò ní dìde mọ́."

Mo kàn lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun yẹn lójú wọn, mo ní kí Ìyá Sùkúrà máa yí irin. Ó gbé mi sókè, ó gbé mi wálẹ̀. Dádì ń wò mí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ yí i kó kọjú sí fèrèsé. Ti màmá yín, ògiri ló kọjú sí."

A yí i. Wọ́n gbà ká gbé àwọn sórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ má ra bẹ́ẹ̀dì tàbí àkàbà nítorí ẹnu dídùn ọlọ́jà, ẹ dùbúlẹ̀ sí i, ẹ gùn ún, ẹ mì í. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ bi ẹni tó fẹ́ lò ó léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo irin ni mo yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò bi bàbá mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí àgbà nílé ńkọ́? Kí lojú yín ti rí? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọkàn yín fi ń balẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, torí èmi, títí di òní, tí mo bá ti gbọ́ pé nǹkan dún nínú yàrá yẹn, eré ni mo máa ń sá lọ.