Ọjọ́ Tí A Gé Kòbókò Ilé Wa

Lánàá, mo ń kọjá níwájú ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ní àdúgbò Otokiti, òórùn awọ tútù sì gbá mi nímú, ni mo bá dúró bí ẹni tí wọ́n pè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló wà nínú òórùn awọ. Ẹ fara balẹ̀, kí n rò fún yín.

Ní nǹkan bí ọdún 1974, Natako là ń gbé ní Lọ́kọ́ja. Akọ̀wé ìjọba ni Bàbá mi, ọmọ Kàbà, ó sì mọ aṣọ ọ́ lọ̀ débi pé ìlà ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé iṣu. Kòbókò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ tí bàbá tó bí i lọ́mọ fi sílẹ̀ fún un. Tó bá bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ Sátidé, a máa ń rí àpá kòbókò náà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa náà ní tiwa lára. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló ṣe ń tọ́ wa.

Nínú ìdílé wa, tí àkọ́bí bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á fa kòbókò lé e lọ́wọ́ kó máa bá wọn tọ́ àwọn àbúrò. Èmi ni àkọ́bí, pé mo jẹ́ obìnrin kò sì yọ mí sílẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, ara mi ti wà lọ́nà. Mo ti ń fi ìgbálẹ̀ dánra wò lára ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gan-an ni Táyọ̀, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ọya tí Bàbá ti kìlọ̀ fún un títí. Bàbá mú kòbókò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Mẹ́fà péré. Kà á sókè kí n gbọ́."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Táyọ̀ ti dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀, ó ti gbé ẹ̀wù sókè, ó ń dúró dè mí. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú." Ọ̀rọ̀ Bàbá nìyẹn, bó ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

"Mi ò ní nà án, sà."

"Kí lo wí?"

Ẹsẹ̀ mi ló dáhùn. Pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Málàm tó ń ṣe bàtà awọ ní òdìkejì títì. Mo ní kó bá mi gé kòbókò náà sí wẹ́wẹ́.

"Haba! Ti Baba kọ́ nìyí?" Málàm ò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Bàbá ti tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀.

N kò sá. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, àpá tó wà lẹ́yìn yín ti tó. Ẹ má jẹ́ ká fi irú ẹ̀ sára Táyọ̀ mọ́."

Bàbá fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, níbi tí àpá ti bẹ̀rẹ̀.

"Málàm, gé e," ó wí. "Gé e kékeré."

Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò yọ irú ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Bàbá ṣì ń jágbe mọ́ wa títí tó fi darúgbó. Ìbínú náà wà lára èmi gan-an, ọwọ́ a máa yún mi. Ilé ńláńlá ti bo Natako tí mo mọ̀, àwọn ọmọ ṣì ń yọ́ lọ sódò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fi awọ kan ọmọ nínú ìdílé wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwo tí mo ń tọ́jú fún àlejò fọ́ ní kíṣíìnì. Kí n tó dìde lórí àga, ọmọ-ọmọ mi ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi, ó gun orí itan mi, ó ní, "Màmá àgbà, èmi ni mo fọ́ ọ."