Síkáànì Tí Wọ́n Ṣe Sí Ìgúnpá Ìyàwó Mi

Mo rò pé aboyún nìkan ni wọ́n ń ṣe síkáànì fún, àfi lónìí.

Ẹ̀tẹ̀ ṣe ìyàwó mi rí, ó lo oògùn, ó sàn. Lónìí, ní ọsibítù n'Ígàndò, dókítà fi síkáànì wo ìgúnpá rẹ̀.

"Bàbá, iṣan tí àwọn ìka fi ń mọ ohun tí wọ́n bá dì mú nìyí, ẹ̀tẹ̀ ìjọ́sí ló mú un wú. Òun ni nǹkan fi ń bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Oògùn ṣì lè ràn wọ́n lọ́wọ́."

Ìyàwó mi ní, "Dókítà, ẹ tún un sọ sókè, kí Bàbá Ṣẹ́gun gbọ́."

Ó tọ́ sí mi. Bí ife bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníwàdùwàdù ni mo ń pè é.

Nígbà tí a jáde, mo di ọwọ́ náà mú, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹ fún ọwọ́ náà mọ́ra dáadáa jàre. Àwọn ìka yẹn ò tíì mọ̀ pé ẹ di àwọn mú."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló tún ti pe àìsàn ní ìwà rí nínú yín?