Bàtà Mi Lára Igi Ọsàn

Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á sọ fún yín pé ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Mo gbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Iléṣà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, èmi ni wọ́n máa ń tì síwájú bí ọ̀rọ̀ iyàn jíjà bá dé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá ní kí n sọ pé òjò dára, mo ti ṣe tán. Bí wọ́n bá ní kí n sọ pé òjò kò dára, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mu omi díẹ̀ ná.

Ní sáà tó kẹ́yìn ọdún kan, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀: ṣé ó tọ́ kí òfin gba olóhun láàyè láti pa olè? Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ká olè mọ́ inú ilé rẹ̀, tó sì yìnbọn lù ú, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè ohunkóhun. Ó ní àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní ẹ̀mí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹrù. Wọ́n fi mí sí apá àwọn tó ní kí olè kú.

Mo sì pa á. Mo pa olè náà lọ́jọ́ yẹn débi pé ká ní ó wà nínú gbọ̀ngàn wa ni, ojú fèrèsé ni ì bá gbà sá lọ. Mo ní ẹni tó jí iṣu mi kò jí iṣu, oṣù mẹ́jọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló jí. Mo ní ta ló fẹ́ dá oṣù mẹ́jọ padà fún mi? Ọmọbìnrin kan ní apá kejì dìde, ó rọra béèrè pé, “Bó bá jẹ́ ọsàn kan ṣoṣo ńkọ́?” Mo na ìka sí i. Mo ní, “Kódà bó jẹ́ ọsàn kan ṣoṣo!” Ariwo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọ̀gá wa fi lu tábìlì pé ó tó.

Bí a ṣe borí nílé nìyẹn. Wọ́n ní ká lọ bá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú bàbá mi dùn ju tèmi lọ, ó sì ra bàtà tuntun fún mi, dúdú, tó ń dán, pé kí ẹsẹ̀ mi má baà dójú ti ẹnu mi.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò náà, mo lọ kí Yèyé ní Ìbòkun. Yèyé ni ìyá tó bí ìyá mi, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé tí kì í pe ilé ní ilé, ulé ni. Tí kì í pe igi ní igi, ugi ni. Ìyá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn nínú gbogbo àmín. Ó ní igi ọsàn kan létí odò, lọ́nà oko rẹ̀, tí kò sí ọsàn tó dùn tó o. Ní ọdún yẹn, ó ti yà á sọ́tọ̀ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ó ṣe gbé agbọ̀n lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ náà pé kí n lọ já ilá wá lóko, ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Bí ebi bá ń pa ọ́, jókòó sí ùdí ugi ọsàn, kí o jẹ. Ẹnikẹ́ni tí ebi ń pa lè jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e kúrò níbẹ̀, olè ni.”

Mo ní mo ti gbọ́, Yèyé.

Mo já ilá tán, mo gba ẹ̀yìn odò padà nítorí pé ibẹ̀ yá. Ọsàn náà ti pọ́n, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ débi tọ́wọ́ á tó o. Mo bó ọ̀kan. Yèyé fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ yí ọsàn po láti orí dé ìdí láìjẹ́ kí èèpo já, tí á gùn gbọọrọ bí okùn. Mo jẹ mẹ́ta. Títí dé ibẹ̀, n kò tíì ṣẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá rántí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ Òṣogbo, mo sì ká mẹ́fà sínú báàgì mi. Kí àwọn tó ń kọjá má baà rí èèpo nílẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, mo kó ilá lé e lórí. Ẹ wo ọgbọ́n!

Mo wá yí igi náà po láti bọ́ sójú ọ̀nà. Bàtà kan ń fì dirodiro níwájú mi, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹ̀ka. Àálè ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ àálè. Nǹkan tó ti gbó ni: ṣúkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, àkísà, tí ènìyàn á so mọ́ ohun ìní rẹ̀ tó fi sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló lè kà á. Ó ń sọ pé ìwọ tí o bá gbé ohun tí mo wà lára rẹ̀, wàá rí i. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí lọ́yà, kò sí ọlọ́pàá. Ohun tí àwa ń tìtorí rẹ̀ pariwo nínú gbọ̀ngàn, okùn lásán ni Yèyé fi parí rẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé alàgbà kan nínú ìjọ bi í pé kí ni bàtà ń wá lórí igi ọsàn ìkórè. Yèyé ní ó tutù ni, òun sá a kó lè gbẹ. Alàgbà ní láti oṣù tó kọjá? Yèyé ní òjò ọdún yìí pọ̀.

Bàtà ni ti Yèyé, gbogbo wa sì mọ ohun tí àálè bàtà ń ṣe. Ẹsẹ̀ olè náà á máa wú, á máa wú títí bàtà kankan kò fi ní gbà á mọ́, ìwú náà á sì gòkè dé ibi ọkàn kí ọjọ́ keje tó pé. Mo sún mọ́ ọn. Mo rí okùn pupa tí oníbàtà fi rán etí rẹ̀. Bàtà ilé ẹ̀kọ́ tèmi ni, ẹsẹ̀ òsì, èyí tí mo bọ́ sílẹ̀ fún Yèyé ní ọdún méjì sẹ́yìn nígbà tí kò gbà mí mọ́. Bàtà tèmi ló fẹ́ pa mí.

Mo fẹ́ dá àwọn ọsàn náà padà. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọsàn kọ́ ẹ̀ka padà kí ẹ wò ó. Ǹ bá kúkú jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ là á lẹ́nu? Ọmọ tó na ìka nínú gbọ̀ngàn pé kódà bó jẹ́ ọsàn kan ṣoṣo, òun náà ló gbé mẹ́fà, ọsàn Ọlọ́run tún ni. Mo gbé agbọ̀n délé, mo gbé e kalẹ̀ ní ilé ìdáná. Yèyé gún iyán, mo ń yí òkèlè kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ṣé inú ń run ọ́ ni?” Mo ní inú ń run mí. Ó súre fún mi, mo sì bá ọkọ̀ ọ̀sán padà sí Iléṣà. Òjò ti ń ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn ẹsẹ̀ mi. Mo já òwú kan, mo fi wọn ọrùn ẹsẹ̀, mo ta á ní kókó síbi tó dé, àràárọ̀ ni mo sì ń wò ó bóyá kókó náà ti sún. Ní Sọ́ńdè kò sún. Ní Mọ́ńdè kò sún. Ní Túsìdeè, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ọsàn mẹ́fà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá bá mi jẹ ẹ́ á bá mi kú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ilé ẹ̀kọ́ ń fimú fín-ín-fín-ín pé òórùn ọsàn ń ta àwọn nímú. Mo ní ọṣẹ mi ni.

Ní Ọjọ́rú, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tuntun. Kò wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fò lórí rẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú ìrora. Nígbà tí ọkọ̀ wa fi máa dé Òṣogbo, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń lu bí ọkàn, mo sì mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbọ̀ngàn wọn kún. Ẹni tó dojú kọ mi jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan láti ilé aláró, ó wé ìborí funfun, aró ṣì wà ní ìdí èékánná rẹ̀. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀: “Bí ènìyàn bá gbin ugi ọsàn...” Ugi! Àwọn ará Òṣogbo rẹ́rìn-ín débi pé bẹ́ǹṣì mì. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé ẹnu ilé ẹ̀kọ́, tí ẹnu Yèyé fi jáde. Mo sọ ìyókù bó ṣe wà lórí mi, oṣù mẹ́jọ, ẹ̀yìn ríro, gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ọmọ aláró dìde. Kò pariwo. Ó ní, “Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí òfin yín bá ti pa olè náà tán, tí a wá yí ojú rẹ̀ sókè, tí a rí i pé ọmọ olóhun ni, ta ni ẹ fẹ́ bá kẹ́dùn?”

Mo wo bàtà mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Mo rò pé ká kọ́kọ́ bi í bóyá ebi ń pa á.”

Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, “Arábìnrin, apá wo lẹ wà gan-an?”

Mo ní, “N kò mọ̀ mọ́, sà.”

Wọ́n fẹ̀yìn wa balẹ̀, wọ́n fi wá nulẹ̀. Ọmọ aláró wá bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ó ní, “Wàláhì, ẹ ràn mí lọ́wọ́ ju àwọn tèmi lọ.” Nínú ọkọ̀, àwọn tèmi kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi dé Iléṣà.

Ọjọ́ keje dé. Ní Fúráìdè, mo tọrọ àyè, mo gbé bàtà dání, mo kó ọsàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú báàgì, mo fi ẹsẹ̀ lásán wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbòkun. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ láti ojú ọ̀nà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí Yèyé lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ kan sórí ìrọ̀rí. Orúnkún rẹ̀ wú bí igbá kékeré, òrí ń dán lára rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo tò dà nù. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ń sunkún, mo ń sọ ti ọsàn, ti báàgì, ti Òṣogbo, ti ẹsẹ̀ mi. Yèyé jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Èèpo rẹ ti ṣáájú rẹ jẹ́wọ́. Bí ọkọ̀ rẹ ṣe ṣí ni mo da ilá sílẹ̀. Ta ló tún ń bó ọsàn báyẹn ní gbogbo Ùjẹ̀ṣà? Ọ̀kan, mo ní ebi ló pa ọmọ mi. Mẹ́ta, mo ní ebi náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹun síbi tí mo ní kó ti jẹun kì í kó èèpo pamọ́. Mo mọ̀ pé o ti gbé e.”

Ó ní àálè kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí àlejò, ọwọ́ tó so ó ló sì gbọ́dọ̀ já a kí oòrùn tó wọ̀. Ló bá mú ọ̀pá, ó rìn lọ sétí odò nínú òjò ọ̀sán Sátidé náà. Ìgbà tó ń bọ̀ ló yọ̀, tí orúnkún rẹ̀ fi rọ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ìtàn náà dé ibẹ̀. Ó ní, “Mo fi ìdí jókòó sínú odò, gbì!”

Mo ní, “Yèyé, ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́? Ó wú, bàtà kò gbà á.”

Ó fa ẹsẹ̀ mi mọ́ra, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká, ó sì wo bàtà tuntun náà. Ó ní, “Kò wú. O ń dàgbà ni. Sọ fún bàbá rẹ kó ra èyí tó tóbi.” Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló borí. Mo ní àwọn ará Òṣogbo ni. Ó ní ó dáa náà, kí n bó ọsàn fún òun. Mo bó o, èèpo náà sì já sí mẹ́ta.

Bàtà àálè náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, okùn ṣì wà lára rẹ̀. Mo mú un. Kókó rẹ̀ kò tú, ibòmíràn ni okùn náà ti já, ẹnu rẹ̀ rí wúruwùru.

Yèyé ní, “Òjò ti mú un le, n kò sì mú ọ̀bẹ dání.”

Eyín ló fi gé e. Eyín Yèyé kò ju mẹ́jọ lọ nígbà náà, ó sì fi wọ́n jẹ okùn lábẹ́ òjò. Ẹkún mi tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kí n dákẹ́, kí n bó òmíràn, èyí ti kan lẹ́nu òun.