Bí Wọ́n Ṣe Polówó Mi Láàrin Jẹnẹrétọ̀ àti Ọmọ Ajá

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ojú mi yìí, gbogbo ayé ló yẹ kó rí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀kà, wọ́n sì ní kí n mú fọ́tò pélébé wá fún fọ́ọ̀mù. Mo wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Ìkàrẹ́. Onífọ́tò náà yà mí tán, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, irú ojú yìí kì í ṣe ti inú fáìlì o. Ẹ jẹ́ kí n ya èyí tí a máa gbé síta." Kí ló tún kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún mi? Mo tún gèlè we, mo fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ehín ń dùn, mo sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó béèrè bóyá òun lè máa fi hàn fún àwọn oníbàárà, mo ní kí ló burú níbẹ̀. Àgbà ló ní ẹni tí a bá ń yìn tí kò bá bojú wẹ̀yìn, yóò pàdánù fìlà rẹ̀. Èmi kò bojú wo ibì kankan, mo ń rìn bọ̀ nílé bí ọmọ ọba.

Mo ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún méjì la fi ń fẹ́ra. Àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti ṣe ìwádìí wa bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe é: ṣé kò sí wèrè nílé wọn, ṣé kò sí olè, ṣé ọmọ náà ń kí ènìyàn? Ìyá rẹ̀ wádìí mi títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀bí mi. Wọn kò rí àbààwọ́n kankan. Ni wọ́n bá dá ọjọ́ Sátidé kan pé àwọn ń bọ̀ ní Ọ̀kà wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Wọ́n dé lóòótọ́, àfẹ́sọ́nà mi àti ìyá rẹ̀ wà láàrin wọn. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ wa, ìyá mi gún iyán, bàbá mi sì ti mú kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí oṣù tó dára ni àwọn ọmọdé àdúgbò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé, "Ilé wọn nìyí! Ilé wọn nìyí!" Ẹni mẹ́ta tẹ̀ lé wọn wọlé: bàbá arúgbó kan, obìnrin kan tó ru iṣu pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ẹmu, àti ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wọ agbádá funfun. Ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi.

Bàbá mi ní, "Ẹ dìde o. Ta lẹ ń wá?"

Ó ní, "Ìyàwó mi ni, bàbá. Òkè-Àgbè la ti ń bọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò gbé fóònù mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ara rẹ̀ kò yá. Ni mo bá ní kí á kúkú wá rí yín, kí á ṣe é bó ṣe yẹ."

Ó fa fóònù yọ. Èmi nìyẹn, pẹ̀lú gèlè àti ehín dídùn, lórí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ló wà lókè mi, ọmọ ajá mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Omidan arẹwà, ará Ọ̀kà Àkókó, ń wá ọkọ gidi. Ọjọ́ orí kò dí wa lọ́wọ́." Ta ni "wa"? Àwọn aláìnítìjú tó jókòó síbì kan, tí wọ́n fi nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀, tí wọ́n ń fi ojú ọmọ ọlọ́mọ pa owó káàdì fóònù lọ́wọ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bíi ti ọkùnrin yìí. Ọkùnrin náà sì gba ìpolówó gbọ́ bí ẹni gba alárinà gbọ́. Ó tẹ fọ́tò mi sórí bébà, ó fi ń béèrè mi láti gáréèjì. Ní Ọ̀kà, bí o bá fi ojú ènìyàn béèrè ilé rẹ̀, wọn kò ní júwe fún ọ, wọ́n á sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Mo ní, "Mà, n kò mọ ọkùnrin yìí rí."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un sọ." Mo tún un sọ, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ó bá bàbá tó mú wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè ìlú wọn, ó wá dojú kọ ìyá àfẹ́sọ́nà mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. "Màmá, kì í ṣe òun ló ń pè mí. Ohùn yìí kọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe ọ̀dẹ̀. Ẹ má fi àìgbọ́n mi jẹ ọmọ yìí níyà."

Àlejò tí n kò rí rí wà nílẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun nítorí mi. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi pé kó sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan péré. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń fi ìka yí fóònù, ó ń wá ìpolówó náà kó lè kà á fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹbí rẹ̀ dìde pé àwọn ń lọ wádìí sí i. Iyán náà tutù sórí tábìlì.

Mo lọ bá onífọ́tò. Ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ló máa ń wá ra fọ́tò lọ́pọ̀, òun kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti pé, "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ ní kò burú." Kò tijú, àní ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àfẹ́sọ́nà mi pè, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni mú ẹ̀bùn bọ̀. "Màmá ti dárí jì ọ́. A lè mú ọjọ́ mìíràn."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé mo ní o ṣe nǹkan ni? Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ jàre."

Mo ní kí wọ́n lọ wá ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dárí jì í. Ìyá mi sunkún fún ọjọ́ mélòó kan. Bàbá mi ní tirẹ̀ kàn sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ó sì gbé kàlẹ́ńdà rẹ̀ padà sára ògiri.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Àwọn tó jí fọ́tò mi, ìdọ̀tí ni wọ́n lójú mi, n kì í sì í ronú nípa ìdọ̀tí pẹ́. Ti àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ yẹn ló ṣì ń bí mi nínú. Ọkùnrin Òkè-Àgbè náà gbọ́ ohùn mi lẹ́ẹ̀mejì péré, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹni tí a jọ ń sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, èmi ń sunkún níwájú rẹ̀, inú fóònù ló ti ń wá mi.