Màmá Tó Ń Gbé Àpótí Lọ sí Ilé-Ìwé

Háà, Màmá! Ẹ̀yin náà lẹ lọ yìí? Ta ni ẹ fẹ́ kí n máa bá jiyàn láàárọ̀ báyìí? Ìyá ọkọ mi, abiyamọ tòótọ́, ọmọ Ìkòrò tó fi oko kòkó tọ́ ọmọ yanjú, ilé yìí mà dákẹ́ jù o!

Gbogbo àdúgbò wa n'Ìjerò ló mọ̀ yín mọ́ àpótí ìjókòó kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Mofẹ́, ọmọ mi obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, bí a bá ti yọ sí géètì báyìí, á dì mọ́ aṣọ mi, á figbe ta. Àwọn tíṣà ní kí n já a sílẹ̀ kí n máa lọ, pé ẹkún á sú u. Mo gbà, torí mo gbọ́dọ̀ tètè dé ibi iṣẹ́ ní káńsù. Ẹ̀yin lẹ yarí. Ẹ ní, "Èèyàn ni, kì í ṣe ẹrù. Èmi ni n ó máa sìn ín lọ."

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ fi ọwọ́ kan di Mofẹ́ mú, àpótí ń bẹ ní abíyá kejì. Àwọn ọlọ́kadà á máa bi yín pé, "Màmá, ṣé àkàrà lẹ ń lọ dín ni?" Ẹ ó ní, "Ìwé ni mò ń lọ kà, ẹ má dá mi dúró!"

Inú kíláàsì lẹ kọ́kọ́ jókòó sí, tí ẹ ń bá wọn ka a-b-d. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ẹ gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tún di abẹ́ igi máńgòrò, ó di ẹnu géètì. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ń sún sẹ́yìn, ọmọ kò sì fura. Mo bínú, mo ní ẹ ń kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ẹ ní, "Ìyàwó, fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo ti tọ́ ọmọ rí."

Ọjọ́ kan ni Mofẹ́ fúnra rẹ̀ yíjú padà ní géètì. Ó ní, "Màmá, ẹ máa lọ sí ulé, ẹ̀yìn á dùn yín." Ẹ gbé àpótí wálé, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi etí aṣọ nu ojú. Kò sí ẹni tí ẹ kò ròyìn rẹ̀ fún. Láti ìgbà náà, ẹ kàn ń sìn ín dé géètì ni, ẹ ó sì yà lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Ọlọ́run pè yín, ẹ̀rù tó bà mí jù ni pé ọmọ yìí á padà sí ẹkún àtijọ́, pé kò ní í gbà lọ sí ilé-ìwé mọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo fẹ́ fi í sílẹ̀ sílé. Kí n tó mọ̀, ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù, ó de bọ́tìnnì lódì, ó ní ká máa lọ. A dé géètì, èmi ni mo bú sẹ́kún. Èmi ni n kò lè fi ọwọ́ sílẹ̀. Mofẹ́ wò mí títí, ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ máa rí mi tó bá di ọ̀sán." Ó wọlé lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Màmá, iṣẹ́ yín nìyẹn, ó sì ti parí dáadáa. Mo ti yọ ọwọ́ mi náà. Ó dọ̀sán o, ìyá mi. Ẹ sùn re o.

Ìyá Mofẹ́, ìyàwó yín