Mọ́mì Ní Mo Ti Fi Orúkọ Wọn Fún Òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, torí ohun tójú mi rí létí òkun Eleko yìí, mi ò lè dá a gbé mì!

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ ọmọbìnrin kan ní yunifásítì wa? Ẹgbẹ́ gidi ni o. A máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé níwèé, a sì máa ń tọ́jú ara wa tí ara ẹnì kan ò bá yá. Fìlà pupa là ń dé. Ẹ dákun, nínú fíìmù, ìgbà wo lẹ ti rí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì tó dé fìlà pupa tí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn?

Àṣà wa ni pé ẹni tuntun máa wọ òkun dé orúnkún, á pariwo orúkọ màmá rẹ̀, á wá sọ ohun tí màmá yẹn ṣe fún un. Ìyẹn náà nìyẹn! Tó bá parí, a jẹ ẹja, a jó, a lọ sílé.

Èmi náà ṣe tèmi lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo pariwo débi pé ohùn mi fẹ́ẹ̀ há. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan lára àwọn tó wá gbafẹ́ ń ká wa sórí fóònù.

Kò pẹ́ tí fídíò náà fi dé orí Wásáàpù àwọn ìyá ìjọ wa. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ wá wo àwọn ọmọ tó ń fi ìyá wọn ṣètùtù. Ta ló wà níwájú gbangba? Èmi ni! "Fọlákẹ́", orúkọ Mọ́mì tí mo pè, dún ketekete, afẹ́fẹ́ wá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì mi, ẹ̀rù kì í bà wọ́n bọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo délé wa ní Thomas Estate, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀!

"Ṣadé, kí ni wọ́n promise ẹ? Mọ́tò ni àbí fóònù? Kí ni mo ṣe fún ẹ tó o fi lọ pè mí létí omi?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n di Bíbélì mú sáyà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mí o, ìyá mi sì ń bẹ̀rù mi! Ó dùn mí wọra. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń sọ nínú fíìmù nìyẹn. Wọ́n ní àfi kí n lọ gba orúkọ àwọn padà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n gbàgbé yunifásítì, kí n sì wá ilé mìíràn gbé.

Mo pe ààrẹ ẹgbẹ́ wa, Àǹtí Kẹ́hìndé. Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní kí n mú Mọ́mì wá sí Eleko ní Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n wá fetí ara wọn gbọ́ ọ.

Wọ́n wá o! Àwọn àti Ìyá Ìjọ, pẹ̀lú òróró àdúrà lọ́wọ́. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Ìyá Ìjọ ti ń bá òkun wí!

Ọmọ tuntun kan ló kọ́kọ́ wọ omi. Ó ní ọmọ Rísíkátù lòun, pé bàtà ni màmá òun ń kiri l'Ajah láti fi rán òun níwèé, pé lọ́jọ́ tóun bá gboyè, wọn ò ní kiri mọ́. Ìyá Ìjọ ti ṣe "Àmín" kí wọ́n tó rántí pé ìjà làwọn bá wá!

Ó kàn mí. "Ọmọ Fọlákẹ́ ni mí! Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń gbà kí n lè bá wọn nílé tí mo bá ti iléèwé dé! Mi ò gbàgbé o!"

Bí mo ṣe yíjú padà, Mọ́mì ti bọ́ bàtà. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀ wá fà mí jáde ni. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n wọ omi pẹ̀lú ìró lára, wọ́n sì figbe ta:

"Ọmọ Àbẹ̀ní ni mí! Gàrí ni wọ́n yan tí mo fi di nọ́ọ̀sì! Wọ́n kú kí n tó wọ aṣọ funfun! Màmá mi, ẹ ṣé o!"

Yéè! Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ìyá mi rí. Gbogbo wa la bú sẹ́kún, Ìyá Ìjọ gan-an ń wá fìlà pupa tó máa bá orí wọn mu!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé fíìmù ti sọ ohun tí a máa rí fún wa kí a tó wò. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí àwọn ọmọbìnrin tó múra bákan náà, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó fi fídíò wọn ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti pe ẹgbẹ́ tiyín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ fi orúkọ màmá yín ṣáájú, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kò séwu!