Ọmọ Tó Dákẹ́

N kì í fọkàn tán kíláàsì tó bá ṣàdédé dákẹ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ifọ̀, kì í ṣe ariwo ló máa ń gbé mi dìde lórí àga. Ọmọ tó ń pariwo, o mọ ohun tó ń ṣe. Èyí tó dákẹ́, ó lè ti ki ẹ̀wà bọ imú.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe ń jáde láti ilé ìwẹ̀, n kò gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi mọ́. Ìbàfò ni à ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti bá àwọn èrò Èkó lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná, ó ń bì, ó sì ń ké ṣáá. Mo gbé e fún alábàágbé mi, obìnrin tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, kí n lè bomi sára.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tíṣà," ni obìnrin náà wí. "Ó ti dákẹ́."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, a kì í sọ pé ó dákẹ́. Sọ pé ó sùn."

"Tíṣà ni yín lóòótọ́! Ó sùn, Mà."

Ṣùgbọ́n kò sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Mo wo alábàágbé mi, mo wo ṣíbí tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo mú ṣíbí náà, mo gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lo fún un?"

"Háà! Màmá, mi ò fún un ní nǹkan kan o. Mo kàn pọ̀n ọ́n ni."

N kò gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi oògùn tó ń múni sùn pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ìfura yẹn ni mo gbé wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọmọ, títí dé ilé ìwòsàn kan ní Mówè. Alábàágbé mi jókòó tì mí, ó kọjú sí títì.

Àwọn ìyá ti kún orí bẹ́ńṣì. Ọmọkùnrin kan ń ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tà á. Nọ́ọ̀sì kọjá lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló wá tààrà.

"Ṣé torí pé wọ́n jẹ́ àgbà ni?" ni ìyá ọmọkùnrin náà bèèrè. "Ọmọ tèmi ló ń ké láti àárọ̀, tiwọn ń sùn jẹ́jẹ́!"

"Ẹ má bínú. Ọmọ yín ṣì lágbára láti bú mi," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Èyí kò lè bú ẹnikẹ́ni."

Èmi náà fura sí i. Kí ló dé tó fi yan tiwa? Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà, ó sì tú u sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n awọ náà kò tètè padà. Ó dúró bí aṣọ tó ká.

"Nígbà tó ń ké, Mà, ṣé omijé ń bọ́?"

Alábàágbé mi ló dáhùn: "Rárá o. Mo fẹ́ nù ún lójú, ojú rẹ̀ gbẹ."

Mo sún mọ́ nọ́ọ̀sì. "Ṣé kì í ṣe oògùn ni wọ́n fún un?"

"Omi ló tán lára rẹ̀, Mà. Kò ní agbára ẹkún mọ́."

Mo ti ń wá oògùn lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn fúnra rẹ̀ ló pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Nọ́ọ̀sì ké sí dókítà. Wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ mi; orí itan mi ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀. "Ẹ dì í mú, Mà, kẹ́ ẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Ohùn yín ló mọ̀." Abẹ́rẹ́ dírípù wọ ọwọ́ rẹ̀. Kò ké. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò bà mí rí. Mò ń pe orúkọ rẹ̀, mò ń wo omi tó ń kán, etí mi sì ń ṣọ́ ìdákẹ́ náà.

Oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀ kí ọmọ náà tó mira. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì, ó wo nọ́ọ̀sì, ó fajú ro, ó sì figbe ta. Omijé bọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, dákẹ́, má sunkún mọ́," ni ìyá ọmọkùnrin tó ń ké lórí bẹ́ńṣì fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó dákẹ́," ni alábàágbé mi wí kí n tó lanu. "Tíṣà ò fẹ́ kí á máa lo ọ̀rọ̀ yẹn."